Ta Ló Ń Yí Ọ̀pá Inú Ahá?

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù Kẹrin

Wọ́n pè mí jókòó lónìí. Láti ìgbà tí mo ti dé Kọ́dóbà ní Ajẹntínà láti kọ́ ìṣirò, ẹ̀yìn orí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nìkan ni mo mọ̀ dáadáa. Lónìí Mailén nawọ́ sí àga kan nídìí tábìlì, ó ní kí ọmọ Kòlóńbíà wá mu mátè. Mo ti jókòó kí ó tó yí ọkàn padà.

Ahá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Ewé mátè kún inú rẹ̀, ọ̀pá fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà níbẹ̀ tí a fi ń fà á mu. Mailén ló ń bu omi gbígbóná sí i. O fà á gbẹ, o dá a padà fún un, ó tún bu fún ẹni tó kàn. Òfin kan ló wà: a kì í yí ọ̀pá. Wọ́n fín òdòdó sétí ahá, òdòdó yẹn ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ kọjú sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá yí i ti da ewé rú — ọ̀pá á dí, gbogbo wa á máa jẹ ìdọ̀tí ewé.

Ciro (Ẹnu-ò-sinmi ni mò ń pè é níbí) bi mí bóyá lóòótọ́ ni a máa ń yan ẹmọ́ òyìnbó jẹ nílùú wa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ta ló máa ń jẹ ìrù rẹ̀? Mo ní kò nírù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìwé mi síbẹ̀.

Ọjọ́rú, 10 oṣù Kẹrin

Ọ̀pá yí. Òdòdó wà níhìn-ín, ọ̀pá kọjú sí ògiri. Mailén fà á, ewé dí i. Kò bínú. Ó kàn wò mí. Gbogbo wọn wò mí.

Ẹnu-ò-sinmi ní kí wọ́n má bá mi wí, pé ọbẹ̀ ni mo rò pé mò ń rò.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Kẹrin

Mo gbá ahá mú bí ẹni gbá ẹyin mú. N kò mí. Ọ̀pá tún yí.

Mailén fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, èyí tó burú ju igbe lọ. Ó ní kí n kọ́kọ́ máa mu tíì lójú fèrèsé ná, títí ọwọ́ mi á fi mọ̀ ọ́n. Ó bá mi gbé ife náà lọ fúnra rẹ̀. Tíì inú àpò bébà. Ó ń rùn bí páálí.

Ọjọ́ Àìkú, 14 oṣù Kẹrin

Màmá pè láti ilé, láti Pasto. Wọ́n ní ṣé mo ti lọ́rẹ̀ẹ́. Mo ní wọ́n tilẹ̀ ti ya ibì kan sọ́tọ̀ fún mi lójú fèrèsé. Wọ́n ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kẹrin

Èmi lójú fèrèsé, ahá lórí tábìlì. Ọ̀pá ṣì yí!

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ẹnu-ò-sinmi ní ojú ni mo fi ń yí i láti ọ̀ọ́kán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ladislao, ọ̀gá gbogbo wa tí òun náà ń mu nínú ahá yẹn — Baba Irunmú ni mò ń pè é — ní kí n sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, torí ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ ń ṣàìsàn. Lórí họlonómì, iṣẹ́ ìṣirò tí mò ń ṣe. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, kí n sì lo àpẹẹrẹ tí èèyàn lè fọwọ́ mú.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Kẹrin

Bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ rèé. Mú bọ́ọ̀lù. Fi ọfà lé e lára. Máa tì í lọ, má yí i sọ́tùn-ún, má yí i sósì, títí o fi padà síbi tí o ti gbéra. Ọfà ò ní kọjú síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó yí i. Ara bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ ló yí i. Kó gbogbo ìyípadà tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lè mú bọ̀ jọ: ẹgbẹ́ họlonómì nìyẹn. Lórí tábìlì pẹrẹsẹ, bí ọfà ṣe lọ ló ṣe ń bọ̀.

Tí ìrìn ńlá bá dá ọfà padà ní yíyí, gé ìrìn náà sí kéékèèké. Ibi tí ìrìn kékeré bá ti yí i, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ̀.

Mo kọ ìyẹn tán, mo gbójú sókè láti ojú fèrèsé mi. Mailén sí Ciro, Ciro sí Mailén: ọ̀pá dúró. Mailén sí Baba Irunmú — ó ń ronú, ó ní "mm", ìka rẹ̀ sì ń yí ọ̀pá bí ẹni ń wá ilé-iṣẹ́ rédíò. Kò mọ̀. Ó dá ahá padà. Ọ̀pá ti kọjú sí ògiri.

Mo fi àpẹẹrẹ tábìlì mátè sínú ọ̀rọ̀ mi. Mo yọ ọ́. Mo fi í sí i. Mo yọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 oṣù Kẹrin

Mo yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, ẹnu mi ò gbọ́.

Bọ́ọ̀lù lọ dáadáa. Ìgbà tó kan ibi pẹrẹsẹ, mo rí i pé tábìlì wa ni mò ń yà sójú pátákó, pẹ̀lú àga kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi: ilẹ̀ pẹrẹsẹ, òfin sì ní kí ẹnikẹ́ni má yí ọ̀pá, síbẹ̀ ó ń bọ̀ ní yíyí. Ẹ jẹ́ ká gé ìrìn náà. Ọ̀dọ̀ Ciro, kò yí. Ọ̀dọ̀ tèmi nígbà tí mo ṣì wà níbẹ̀, kò yí. Ó ku àga kan. N kò kọ orúkọ. Ṣọ́ọ̀kì mi kàn dúró síbẹ̀, kò lè lọ mọ́. Àga ẹ̀gbẹ́ pátákó. Ta ni ò mọ ẹni tó ni ín?



"Ṣé èmi ni?" Baba Irunmú béèrè.

Mailén ń wo bàtà rẹ̀.

"Mailén, ṣé gbogbo yín mọ̀?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Lọ́dún tí mo dé, èmi náà mu tíì lójú fèrèsé."

Ciro ní òun náà mu ún. Ẹnìkan lẹ́yìn ní tòun tilẹ̀ gba odidi ọdún kan. Wọ́n mọ̀! Gbogbo wọn ló mọ̀. Ó yá wọn lára láti máa lé àlejò ju kí wọ́n sọ fún ọ̀gá pé kó ká ìka rẹ̀ kò lọ.

Baba Irunmú wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni wo ọwọ́ àjèjì. Lẹ́yìn náà ó ní ẹ̀rí mi péye, àmọ́ àmì ìlà kẹta lójú pátákó lódì: ìyọkúrò ni, kì í ṣe ìròpọ̀. Ó mú kóòtù rẹ̀, ó jáde.

Ọjọ́ Ajé, 22 oṣù Kẹrin

Ciro fúnra rẹ̀ ló fa àga fún mi. Mailén kọ́kọ́ bu fún mi ṣáájú gbogbo wọn. Ọ̀pá kò yí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mátè náà dùn. Gbogbo wọn ń fojú ẹ̀gbẹ́ wo fèrèsé.

Baba Irunmú wà lójú fèrèsé. Ó ti gbé ahá tirẹ̀ wá látilé, kékeré báyìí, ó ń bu fún ara rẹ̀, ó ń mu ún nìkan. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kí gbogbo wa. Ó kàn jókòó síbẹ̀.

Mo gbé àga mi dìde.

"Níbo lò ń lọ?" Ciro ní. "Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni."

Mo jókòó ti Baba. Ó bu omi, ó nawọ́ ahá sí mi. Ewé kún ẹnu mi. Mo gbé e mì.

Ó ní tó bá jẹ́ ẹni méjì péré ni, tí nǹkan gba ọ̀nà kan lọ, tó tún gba ọ̀nà yẹn kan náà bọ̀, kí ni ìrìn náà máa yí padà?

Mo ní kò ní yí nǹkan kan. Bó ṣe lọ ló máa bọ̀.

Ó ní "mm". Ó gba ahá lọ́wọ́ mi, ìka rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀pá.

Mo nawọ́. Mo ń dúró de ahá tó kàn.