Ẹ̀rọ Tí Mo Pè Ní Aláìníṣẹ́

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àìrí wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ajégúnlẹ̀ níhìn-ín. Mo kí Bọ̀dá Kúnlé tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Inú ìwé ìròyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, nítorí mo gbọ́ pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi yín ohun tó dá mi dúró tí n kò fi wá síbi ìsìn ìrántí Bàbá. Ẹ ti sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Òjò ti dé síbí. Omi ń wọ àgbàlá wa, orí pákó la ń tẹ̀ jáde kí n tó wọkọ̀ lọ sí Warehouse Road ní Àpápá, níbi tí ọ́fíìsì wa wà. Àwa là ń fún àwọn ajẹ́ńtì tó ń bá oníbàárà gba ẹrù ní ìwé tí wọ́n fi ń gbẹ́rù jáde ní wáàfù, èbúté ọkọ̀ òkun. Wọ́n ti kó taipurétà kúrò, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é báyìí.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóṣé, ní kí èmi àti akọ̀wé mélòó kan kọ gbogbo ẹ̀rọ inú ilé náà sínú àkọsílẹ̀ kan nínú kọ̀ǹpútà: orúkọ rẹ̀, yàrá tó wà, iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo ń gun àtẹ̀gùn, mo ń sọ̀ kalẹ̀, mo ń ka ẹ̀rọ bí ẹni ń ka adìyẹ. Lẹ́yìn àpótí fáìlì ní àjà kejì, mo bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí eruku bò. Mo bi akọ̀wé méjì tó wà nítòsí, wọ́n ní àwọn ò rí kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án rí. Mo kọ ọ́ pé kò níṣẹ́. N kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ebi ń pa mí, ọjọ́ sì ti ń lọ.

Bàbá Ìdíàtù ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ọ́fíìsì wa. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, àgbàlagbà tí ìfẹ̀yìntì wọn kù díẹ̀. Àwọn nìkan ló máa ń bi mí láràárọ̀ bóyá mo gbúròó ilé. Wọ́n gba ìwé tí mo kọ láti inú àkọsílẹ̀ náà, pé kí wọ́n kó ohun tí kò níṣẹ́ kúrò. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, wọ́n yọ wáyà kọ̀ǹpútà náà, wọ́n gbé e lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé kò jáde mọ́. Inú ẹ̀rọ tí mo pè ní aláìníṣẹ́ yẹn ni gbogbo nọ́ńbà ẹrù wà. Òun ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìsàlẹ̀, láìsí ẹni tó jókòó tì í. Ọkọ̀ akẹ́rù tò dé Wharf Road. Obìnrin kan tí ẹja rẹ̀ wà nínú kọntéínà ní èbúté Tin Can jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún láìpariwo. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó dá ẹ̀rọ náà padà, ọjọ́ ti rọ̀. Àwọn ọ̀gá kọ kúẹ́rì fún Bàbá Ìdíàtù, pé kí wọ́n wá wí tẹnu wọn, tàbí kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá Ìdíàtù ní ohun tí àwọn rí nínú ìwé ni àwọn ṣe. Ìwé náà kò ní orúkọ mi lára, wọn kò mọ èwo nínú àwa akọ̀wé ló kọ ọ́. Mo dúró níbẹ̀, Màámi, n kò sì sọ̀rọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, n kò wọlé. Mama Efe, ará Wàrì tí yàrá wa kọjú síra, bi mí títí mo fi sọ fún un. Ó ní go talk am, before e spoil your belle, pé kí n lọ sọ ọ́ kó tó bà mí nínú jẹ́. Ó ní òun ò ní kí mi mọ́ bí n kò bá sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo wọlé tọ Ọ̀gbẹ́ni Bámgbóṣé, mo ní èmi ni mo kọ ọ́ pé ẹ̀rọ náà kò níṣẹ́. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tó fi di ọjọ́ Ajé. Wọ́n ya kúẹ́rì Bàbá Ìdíàtù lójú mi. Èmi ní tèmi, wọ́n gba ìsinmi tí mo fẹ́ fi wá sílé, wọ́n ní kí n tún àkọsílẹ̀ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ mọ́. Iṣẹ́ tí à ń ṣe fún oníbàárà ni kí n kọ́kọ́ kọ, kí ó ní orúkọ àti ojú ewé tirẹ̀ bí ohun tí a lè fọwọ́ kàn; kí n wá tọpa rẹ̀ sẹ́yìn, ta ló ń lò ó, ẹ̀rọ wo ló gbé e ró, kí ni yóò dákẹ́ bí ẹ̀rọ yẹn bá dákẹ́.

Bàbá Ìdíàtù ló ń bá mi tọpa wáyà láti yàrá dé yàrá. Nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ṣebí mo ti sọ ọ́. Wọ́n ní kí n di wáyà mú dáadáa.

Sátidé ni ọjọ́ ìsìn náà bọ́ sí. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, mo mọ̀ pé ẹ ti jókòó, pé ẹlòmíràn ló ń ka Bíbélì tí mo ṣèlérí láti kà. Ọwọ́ mi dúró. Bàbá Ìdíàtù bi mí ohun tó ṣe mí, mo sọ fún wọn. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n bèèrè orúkọ bàbá mi. Mo ní Josáyà Àjàní, káfíńtà ní Ìgbájọ. Wọ́n bi mí bóyá bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín, bóyá wọ́n ga, kí ni wọ́n fẹ́ràn láti jẹ. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. Bàbá Ìdíàtù tẹ́wọ́, wọ́n gbàdúrà fún Àjàní ní ìlànà ẹ̀sìn tiwọn, mo ń ṣe àmín.

Màámi, láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, ẹnikẹ́ni kò pe Bàbá lórúkọ létí mi rí. Ẹkún tí n kò rí sun níbi ìsìnkú wọn, ọjọ́ yẹn ni mo sun ún. Ní gbogbo Àpápá, ẹnì kan ti wá mọ bàbá mi báyìí.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kí ẹ̀yìn yín dára, kí ojú wa tètè rí ara. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí àárò yín ń sọ,
Fọláṣadé.