Bàálù Kékeré Ojú Fóònù Mi

Ilé Ọlálérè,
Ìwàrò, Ọ̀kà Àkókó.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò òwúrọ̀.

Iyìọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ bí òjò ti ń kí ilẹ̀ Àkókó lẹ́yìn ọ̀dá, n kò sì fẹ́ kí ìkíni náà tètè dá. Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà. Bí ó bá sì jẹ́ pé orí ìjókòó bàálù ni yóò ti bá ọ, kí Ọlọ́run tí ń rìn lórí ìyẹ́ afẹ́fẹ́ di ìjókòó náà mú ṣinṣin. Ara mi le, àfi orúnkún tí kò fẹ́ràn òkè Ọ̀kà mọ́. Iṣu tuntun ti jáde, ilé tí èmi nìkan ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ sinmi kò sì jò lọ́dún yìí.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹni tí ó bá báni kọ̀wé ti báni mọ àṣírí. O mọ̀ pé ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi kọ́ ara mi ní kíkà, nítorí náà bí gbólóhùn mi bá gùn, fara dà á, ẹsẹ orin ni ó mọ́ mi lára.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, o sọ fún mi pé ilé ẹ̀kọ́ tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ti kógbá sílé, pé ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ti pè ọ, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, àti pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn yóò fún ọ lésì. O wá rẹ́rìn-ín, o ní bí èyí kò bá bọ́ sí i, ìwọ náà yóò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ wọ bàálù lọ sí òkè òkun. Ìwọ fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n èmi gbà á gbọ́.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo ń palẹ̀ mọ́ de ọjọ́ Ìsinmi. Mo fi aṣọ tútù nu gíláàsì ojú mi, mo nu ẹ̀yìn Bíbélì, mo sì rò ó pé kò yẹ kí fóònù nìkan wà ní ìdọ̀tí. Mo nu ojú rẹ̀ lókè, mo nù ún nísàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kí ó lè dán. Bí mo ti gbé aṣọ kúrò ni mo rí bàálù kékeré kan lókè fóònù náà pátápátá. Ọmọ mi, àyà mi já. Ṣebí fóònù yìí kan náà ni ó máa ń gbé àwòrán ojú rẹ jáde nígbà tí o bá ń pè mí? Ó mọ̀ ọ́, ó sì mọ ibi tí o wà. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé o ti gbéra. Mo pè ọ́, kò wọlé, mo sì sọ fún ara mi pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí, nítorí ta ni ohùn rẹ̀ yóò lé bàálù bá?

O mọ àṣà ilé wa, pé a kì í kéde ìrìn-àjò ọmọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi tẹ ibi tí ó ń lọ. Nítorí náà n kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kan. Ṣùgbọ́n bí bàálù bá ń kọjá lókè Ìwàrò, mo máa ń ṣí fìlà, mo máa ń juwọ́, mo sì máa ń súre, nítorí n kò mọ èyí tí ìwọ wà nínú rẹ̀. Ìyá Mary, aládùúgbò wa, rí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní Bàbá, ta ni ẹ ń kí lókè yẹn? Mo ní òjò ni mo ń wò. Ó ní, ṣé òjò ni wọ́n ń ṣí fìlà fún báyìí? Mo wọlé lọ. Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ pé wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ omi pé Bàbá Iyìọlá fẹ́ dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà, mo fi ọgbọ́n bi Ọ̀ṣẹ́nì, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, pé báwo ni bàálù ṣe lè pẹ́ tó lókè. Ó ní bí ó ti wù kí ó lọ jìnnà tó, kò lè ju ọjọ́ kan lọ, àfi bí ó bá ti sọnù. Ṣùgbọ́n mo rántí Nóà, tí ó wà lórí omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí kò rí ilẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó pè é lórí fóònù, síbẹ̀ Ọlọ́run kò gbàgbé ibi tí ó fi í sí. Ní ti oúnjẹ rẹ, mo ní Ẹni tí ó rán ẹyẹ ìwò láti gbé oúnjẹ fún Èlíjà nísàlẹ̀, yóò rọrùn fún un láti bọ́ ọ lókè, nítorí àwọn ẹyẹ náà kò ní rìn jìnnà.

Láti Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń gbààwẹ̀ títí di agogo mẹ́ta ọ̀sán, àfi ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, pé kí o balẹ̀ láyọ̀, àti pé kí ilé ẹ̀kọ́ yẹn gbà ọ́. Bí ẹni tí ó wà lókè yóò ṣe kọ́ ọmọ tí ó wà nísàlẹ̀ kò yé mi, mo fi èyí sílẹ̀ fún Ọlọ́run láti tò.

Ohun kan ṣoṣo tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé Alàgbà Gbọ́ládé, ọ̀rẹ́ mi, ti gbóòórùn ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ó wá, ó ti ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà, ó ní Bàbá Iyìọlá, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ni mo gbé wá. O mọ̀ pé ohun tí Gbọ́ládé bá gbọ́ láàárọ̀, gbogbo Ọ̀kà á fi jẹun ọ̀sán. Mo ní kí ó má dárúkọ ọmọ mi, mo ní ewúrẹ́ mi já, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé jáde. N kò ní ewúrẹ́ lọ́dún yìí. Mo ti tọrọ ìdáríjì lórí èyí.

Lọ́la ni n ó gbé lẹ́tà yìí lọ fún dẹ́rẹ́bà ní Ìkàrẹ́, kí wọ́n lè bá ọ fi pamọ́ nílé rẹ ní Èkó títí ìwọ yóò fi balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, nírọ̀lẹ́.

Mo tún ṣí àpò ìwé náà. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ń tì mí lójú, ṣùgbọ́n n kò fà á ya, nítorí kò yẹ kí n yọ ìdààmú mi kúrò nínú ẹ̀rí kí n sì fi ayọ̀ nìkan sílẹ̀.

Mo bá Suleiman, dẹ́rẹ́bà Èkó, ní gárééjì Ìkàrẹ́. Ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà rẹ, kí òun lè pè ọ́ bí òun bá dé. Mo fà á sẹ́yìn ọkọ̀, mo rọra sọ fún un pé a kò lè pè ọ́, ojú ọ̀run ni o wà. Ó wò mí lójú. Mo fi bàálù náà hàn án, mo sì sọ bí mo ti nu fóònù kí n tó rí i. Suleiman fi ọwọ́ lu ọkọ̀ rẹ̀ gbà gbà gbà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, kò sẹ́ni tó fò o! Ó ní mo ti nu fóònù títí mo fi dí i létí, pé kò sí ìpè tí ó lè wọ inú rẹ̀ bí bàálù yẹn bá wà níbẹ̀. Ó fi ìka kan ṣoṣo kàn án. Bàálù pòórá. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti kígbe pé ó ti balẹ̀! Gbogbo gárééjì yíjú sí mi.

Ìyìn ni fún Ọlọ́run. Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí òròmọdìyẹ tí ó rí ìyá rẹ̀. Mo fi gíláàsì sójú, mo ń ka àwọn iṣẹ́ tí o rán, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní, Bàbá, wọ́n ti gbà mí o! Ti Ọjọ́rú ní, Bàbá, ṣé kò síná ní Ọ̀kà ni? Ti Ọjọ́bọ̀ ní, mo ti bẹ Alàgbà Gbọ́ládé kí wọ́n wá sọ fún yín. Ti ọjọ́ Ẹtì ní, Alàgbà ní ẹ ń lé ewúrẹ́. Bàbá, ewúrẹ́ wo?

Mo pè ọ́ níbẹ̀, ẹkún ni o sì gbọ́, o ń béèrè pé ta ló kú. Ayọ̀ ni. Etí pọ̀ jù ní gárééjì ni mo ṣe ní kí o dúró de lẹ́tà. Suleiman ní ọ̀la ni òun ń lọ, ni mo fi gba ìwé yìí padà.

Iyìọlá, bá mi wò ó. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Ọlọ́run dáhùn, Ọjọ́rú ni mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi ebi pa ara mi nítorí ohun tí ó ti ṣe tán. Mo rò pé ó dákẹ́ ni, n kò mọ̀ pé èmi ni n kò gbọ́. Ó tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ ènìyàn rán ìdáhùn náà sí ilé mi, mo sì sá fún un.

Ọ̀kadà gbé mi gba Àkùngbá padà, n kò yà sílé, ilé Gbọ́ládé ni mo kọ́kọ́ dé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí n kò ṣe rí láyé mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú, ó ní ìwọ ń gbààwẹ̀, ìdáhùn ààwẹ̀ rẹ ń bá mi jẹ iyán nílé! Mo bi í pé àwọn mélòó ni ó ti sọ ọ́ fún. Ó ní kò sí ẹnì kankan, nítorí bàbá ọmọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ mi, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ni mo fi ọdún méjì jù ú lọ.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi fúnra mi yóò dìde nínú ìjọ, n ó sì sọ ọ́ fáyé gbọ́, àti ewúrẹ́ náà. Bí o bá gba owó oṣù àkọ́kọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọrẹ ìdúpẹ́, kí o sì ra fìlà kan kún un fún Gbọ́ládé. Má fi gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ sanwó fúnni ní ìsọ̀ ìkòríta, nítorí ọmọbìnrin ibẹ̀ a máa pe iye owó sókè bí ẹni ń kéde ìgbéyàwó. Fi sínú àpò ìwé fún Suleiman. Ìbẹ̀rù ẹnu ayé ti dín kù lára mi, ṣùgbọ́n kò tíì tán.

Iṣẹ́ náà yóò tù ọ́ lára. Àwọn ọmọ tí o bá kọ́ yóò jẹ́ ìyìn fún ọ. Ọlọ́run tí ó ti dé ọ̀la ṣáájú rẹ yóò tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè ọ́ níbẹ̀, o kò ní wà lórí ìdúró. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó ti jẹun ọ̀sán lónìí,
Stephen Ọlálérè.