Yorùbá Tí Ọmọ Mi Sọ Nínú Mọ́tò Eré-Ìje

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú wa, ẹ kú àtigbọ́ ẹjọ́ ilé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pa mọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Aduwawa níbí, tí kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá, ni mò ń gbé.

Èmi àti àbígbẹ̀yìn mi, ẹ jẹ́ ká pè é ní Gbéminíyì, la jọ fọwọ́ ara wa kan mọ́tò eré-ìje kan lẹ́yìnkùlé. Ó ti parí yunifásítì, ṣùgbọ́n láti kékeré, bí mo bá sọ Yorùbá sí i, Pijin ló fi ń dá mi lóhùn.

Lóṣù tó kọjá, a gbé mọ́tò náà lọ síbi ìdíje àwọn tó ń fi eré-ìje najú. Àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń sá a, awakọ̀ méjì á máa gbà á wà lọ́wọ́ ara wọn. Òun ló ń wà á lọ́sàn-án, èmi ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ni mo bá gbọ́ igbe rẹ̀:

“Bàbá mi, bíréèkì ò mú mọ́ o!”

“Máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, kí o fi jíà dín eré rẹ̀ kù.”

“Mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ o, ẹ ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀.”

Yorùbá tó dá ṣáká! Ó rọra wà á wá bá mi, a tún un ṣe. Àwa la gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n a parí ìdíje náà.

Láti ìgbà náà, ó ti padà sí Pijin rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí n má bi í, pé ojú á tì í. Inú mi dùn, àmọ́ ó ń rú mi lójú: níbo ni Yorùbá yẹn wà látọjọ́ yìí? Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ nílùú onílùú, ṣé kí n bi í ni, àbí kí n dákẹ́?