Òṣèré Kan Tó Jọ Yín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọdún méje kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí kò ní dáhùn.

Mo ṣì wà ní Ìkàrẹ́, mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé. Màámi wà nílé yín ní Ọ̀kà. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọn kò lè gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ọ̀rọ̀ kékeré ló bí ìwé yìí. Lọ́jọ́ kan, a ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà nínú yàrá àwọn tíṣà, ni ọ̀kan nínú wa bá béèrè pé, "Tó bá jẹ́ òṣèré kan ṣoṣo lẹ lè máa wo fíìmù rẹ̀ títí ayé, ta lẹ máa mú?" Oníkálukú dárúkọ àwọn ìlúmọ̀ọ́ká. Nígbà tó kàn mí, mo dárúkọ ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo ní láti ṣàlàyé pé òun ló máa ń ṣe bàbá ìyàwó, tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún wọn pé nítorí yín ni.

Fóònù tí ohùn yín wà nínú rẹ̀ ti sọnù, Bàbá. Inú páàkì níbí ló ti bọ́ lápò mi, lọ́dún kejì tẹ́ ẹ lọ. Kò sí nǹkan pàtàkì nínú ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ kàn ní kí n bá yín ra bátìrì rédíò bọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Kí ló dé tí n kò tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn? Fọ́tò tó kù, èyí tí a lò fún ìsìnkú, ẹ le ojú nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Fọ́tò kì í rìn. Kì í pe èèyàn lórúkọ.

Ìgbà yẹn ni mo rí òṣèré tí mo dárúkọ náà nínú fíìmù. Ó jókòó, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó wúkọ́ díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀. Orí mi wú. Mo ní Bàbá mi nìyí. Láti ọjọ́ náà, kò sí fíìmù rẹ̀ tí n kò wá kiri.

Ní Sátidé tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀kà kí n lè fi í han Màámi. Mo rò pé a máa jọ sunkún ni. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí mo gbé fóònù tí fíìmù náà wà lórí rẹ̀ lé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá gbójú sókè.

"Ta nìyí?"

"Ẹ wò ó dáadáa, Màámi. Ṣé kò ṣe bíi Bàbá ni?"

"Bàbá rẹ kẹ̀? Bàbá rẹ kì í ká apá aṣọ, òtútù máa ń mú wọn. Wọn kì í sì í wúkọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àti pé ìgbà wo ni wọ́n sọ Yorùbá àwọn ará Ọ̀yọ́ nínú ilé yìí? Èdè Ọ̀kà ni wọ́n ń sọ títí wọ́n fi kú."

Mo jiyàn. Mo ní mo rántí, pé mo ń rí yín lórí àga igi lẹ́nu ọ̀nà, tẹ́ ẹ ń ká apá aṣọ náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, mo rí i pé aṣọ tó wà lọ́rùn yín nínú ìrántí mi, aṣọ ọkùnrin yẹn ni. Ohùn tẹ́ ẹ fi ń pè mí, ohùn rẹ̀ ni. Bàbá, èwo ló kù tó jẹ́ tiyín?

Mo bẹ Màámi pé kí wọ́n fi bẹ́ ẹ ṣe máa ń rìn hàn mí. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n dìde. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sẹ́yìn, wọ́n gbẹ́sẹ̀ kan. Wọ́n wá dúró. Wọ́n sọ ọwọ́ òsì sílẹ̀, wọ́n gbé ọ̀tún síbẹ̀. 

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì jókòó. Mo bá wọn bó ẹ̀gúsí tó kù, mo wá lọ wọkọ̀.

Nígbà tí mo dé Ìkàrẹ́, mo pa gbogbo fíìmù náà rẹ́. Mo dijú, mo ń retí yín. Ẹ ò wá. Ẹnikẹ́ni ò wá. Lánàá, bí a ṣe jáde nílé-ìwé, mo lọ wá ọ̀kan nínú wọn padà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀, èmi náà jókòó tì í. Ẹ bínú sí mi bó bá yẹ kẹ́ ẹ bínú.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe rántí yín lọ.