Ta Ló Ń Fá Irun Hijiki?

Norihiko, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú òtútù yìí o. Kí yìnyín má yọ̀ ọ́ ṣubú, kí ọ̀gá rẹ máa fojú àánú wò ọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ máa móoru nínú ìbọ̀sẹ̀ tí mo hun fún ọ. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá.

Ohun tó jẹ́ kí n mú kálàmù ni ọ̀rọ̀ Hijiki, ológbò dúdú tí o fi sílẹ̀ fún wa nígbà tí o ń lọ sí Osaka. Irun ń tán lára rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ti pá, itan rẹ̀ sì dà bí ti adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tu níyẹ̀ẹ́. Àwọn aládùúgbò ti ń bi mí bóyá a kì í fún un lóúnjẹ ni.

Ẹ̀rọ agbálẹ̀ tí o fi ránṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ fura sí, èyí pẹlẹbẹ tó ń dá rìn kiri ilé bí alákàn tó ṣìnà. Mo tú inú rẹ̀ wò, irun Hijiki ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́! Ẹ̀rí wo la tún ń wá? Bàbá rẹ ní iwin ló wọ inú rẹ̀, ni mo bá mú ẹ̀wà sóyà yíyan tó ṣẹ́ kù lọ́jọ́ ọdún tí a máa ń ju ẹ̀wà láti fi lé iwin jáde nílé, mo ń jù ú lu ẹ̀rọ náà, mo ń pariwo pé iwin jáde, oríire wọlé. Norihiko, kò sá o. Ṣe ló ń tẹ̀ lé mi kiri, tó ń ṣa ẹ̀wà náà jẹ títí tó fi tán. A dè é mọ́ òpó nínú àká.

Síbẹ̀ irun ń jábọ́. Ni mo bá gbé Hijiki lọ bá Dókítà Kuwabara tó ń tọ́jú màlúù. Ó ní kì í ṣe eégbọn, kì í ṣe làpálàpá, ó ní Hijiki fúnra rẹ̀ ló ń fi ahọ́n lá irun náà kúrò, torí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ láti ìgbà tí ẹni tó máa ń sùn tì í ti lọ. Ó ní kí a jẹ́ kó gbọ́ ohùn rẹ. Mo délé, mo tú ẹ̀rọ náà sílẹ̀, mo foríbalẹ̀ bẹ̀ ẹ́, mo sì gbé àkàrà ìrẹsì kan síwájú rẹ̀. Kò jẹ ẹ́. Inú ṣì ń bí i.

Mo wá pè ọ́ lórí fóònù, mo gbé e sétí Hijiki. Obìnrin kan ló gbé e. Ó ní o kò sí nítòsí, kí n sọ tẹnu mi tí agogo bá ti dún. Ohùn rẹ̀ tutù, ó mọ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ sọ ju gbogbo ọmọ abúlé wa lọ. Mo ròyìn ohun gbogbo fún un, kò já lu ọ̀rọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Ojoojúmọ́ ni mo ń pè é báyìí. Ọmọ mi, tó o bá ti gbéyàwó, kí ló dé tí o fi í pamọ́? A kò bínú. Ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ kò wo Hijiki sàn, ohùn rẹ ló ń wá. Èmi náà ń wá a.

Jọ̀ọ́, wá sílé kí oṣù yìí tó parí. Bí iṣẹ́ kò bá gbà ọ́ láyè, fi owó ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́, kí èmi, bàbá rẹ àti Hijiki wá máa bá yín gbé títí irun yóò fi hù padà. Dókítà ní ó lè tó ọdún kan.

Kí àwọn baba ńlá wa máa ṣọ́ ọ. Kí wọ́n bù sí iyàrá kan ṣoṣo tí o ń gbé, kó lè gba gbogbo wa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sawae