Ọ̀dà Méjì Lára Ògiri Màmá

Bàbá Ìdùnnú,

Ẹ sọ fún Samson tó fẹ́ kunlé pé kó má tíì fọwọ́ kan yàrá Màmá. Láàárọ̀ yìí, mo mú wọn dé iwájú ògiri kí wọ́n lè bá wa dá ẹjọ́ ọ̀dà méjèèjì. Mo ní tiyín dà bí iṣu àná, tèmi dà bí iṣu tuntun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́: "Eléyìí ló mọ́lẹ̀ jù, ìyàwó mi."

Kọ́tìnì aláwọ̀ aró ni wọ́n nawọ́ sí.

Àṣé ojú wọn ò rí funfun méjèèjì tá à ń torí ẹ̀ jà.

A ti gba ilé ìwòsàn Ìdó lọ. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ kọ́kọ́ fọhùn kẹ́ ẹ tó sún mọ́ wọn.

Àrínọlá