Ta Ni Yóò La Ojú Yaṣoda?

Tanjavur,
Ọjọ́ Àìkú.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ilé ọkọ mi. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara tiwa le. Senbaga ń sáré kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn, bàbá ẹ̀ náà sì ń kí yín.

Ìròyìn wà o. Ṣé ẹ rántí àwòrán Yaṣoda àti òrìṣà Kriṣna ọmọ ọwọ́ tí obìnrin kan ní ká yà fún òun nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́? A ti lẹ wúrà mọ́ ọn, a ti to òkúta aláràbarà sí etí rẹ̀, Kriṣna ti sanra dáadáa pẹ̀lú bọ́tà lọ́wọ́. Ojú Yaṣoda nìkan ló kù. Ẹ mọ̀ pé ojú là ń yà kẹ́yìn, tá a bá sì ti là á, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ mọ́.

Ìyá ọkọ mi ló máa ń la ojú Yaṣoda nílé yìí. Àmọ́ dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lójú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì di ọ̀kan pa. Mo ní kí n bá wọn yà á. Wọ́n ní rárá, obìnrin tí kò tíì rọbí rí kò gbọ́dọ̀ la ojú Yaṣoda. Wọ́n ní àwọn á lọ bẹ Gomati, aládùúgbò wa tó ti bímọ. Gomati kẹ̀! Ẹni tí kò lè ya ẹyin adìẹ kó gún!

Màámi, ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun. Láti ìgbà tí ìyá tó bí Senbaga ti kú, tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún méjì, ta ló ń gbé e sùn? Ta ló ń fi omi tútù nu ara rẹ̀ nígbà ibà? Síbẹ̀, “ìyàwó bàbá ẹ” ni ìyá ọkọ mi máa ń pè mí fún un. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Lọ́jọ́bọ̀, kò ṣeé gbé mì mọ́. Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú o. Ta ló bí Kriṣna? Ṣebí Devaki ni. Yaṣoda kàn tọ́ ọ ni. Ṣé òun náà kì í ṣe ìyá ni?”

Bàbá ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní fún Màmá: “Alamelu, ogójì ọdún lo ti ń ya Yaṣoda yìí o!” Mo ti kúnlẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Màmá ní, “Dìde, jàre. Lọ fọ ọwọ́ ẹ, kí o mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn wá.”

Mo fọ ọwọ́, mo jókòó ti àwòrán náà. Nílé yìí, ẹni tó ń gbàdúrà ni Yaṣoda máa ń wò. Mi ò mọ ìgbà tí mo jẹ́ kó wo ọmọ tó wà lórí itan rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa rí i, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Màmá fi ojú kan ṣoṣo sún mọ́ pátákó àwòrán náà, wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá kọjú sí àgbàlá, wọ́n ké: “Senbaga! Sáré wá wo ohun tí ìyá ẹ yà!”

Mo sunkún, mi ò tijú.

Kí Kriṣna dá yín sí fún wa, kí oúnjẹ má korò lẹ́nu yín láéláé.

Èmi ni ọmọ yín tòótọ́,
Kokila.

Àfikún: Obìnrin náà ti gbé àwòrán rẹ̀ lọ. Kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan nípa ojú. Ó ní wúrà ibẹ̀ pọ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ oníyọ̀ ránṣẹ́ sí wa, Senbaga ti jẹ ti ìkòkò tán.